Liberal Arts

Ọmọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ẹ̀kọ́ girama ní Amẹ́ríkà lè wọ community college, kó fi ọdún 2 gba oyè associate nínú liberal arts. Iṣẹ́ ọnà kọ́ ló lọ kọ́ o, bẹ́ẹ̀ ni kò kan òṣèlú. Èdè Látìn ló bí orúkọ náà: “liber” ni ẹni tí kì í ṣe ẹrú. Ẹ̀kọ́ tó yẹ ẹni tó wà lómìnira ni wọ́n ń sọ láyé àtijọ́: gírámà, ọ̀rọ̀ sísọ, ìrònú tó gún régé, ìṣirò, jẹ́ómẹ́tírì, orin àti ìmọ̀ ìràwọ̀. Lóde òní, ìtàn, sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ nípa àwùjọ ti wọ inú rẹ̀.

Àwọn òbí wa máa ń fi oyè yìí wé National Diploma (ND) ti poli. Ọdún wọn bára mu lóòótọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan pàtó ni ND ń kọ́ni. Oyè liberal arts kò rí bẹ́ẹ̀. Bíi 60 credit unit ni, ẹni tó bá sì parí rẹ̀ lè kọjá sí ọdún kẹta ní yunifásítì, bí yunifásítì náà bá gba gbogbo credit rẹ̀. Kì í fìgbà gbogbo gbà á.