Ẹ̀rín, Májèlé àti Ìwé Àfipamọ́: Àgbéyẹ̀wò Ìtàn Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Inú Ilé Àwọn Mọ́ńkì

Nínú àwọn ìtàn-àròsọ tí a ti ń wá apànìyàn láàárín àwọn mọ́ńkì ayé àtijọ́, iṣẹ́ òǹkọ̀wé méjì ló gba iwájú. Ellis Peters, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní ọdún 1977, ó sì kọ ìwé 20 nípa Cadfael, jagunjagun tó di mọ́ńkì àti olóògùn ewé ní Shrewsbury. Wọ́n dùn ún kà. Ṣùgbọ́n ìwé Umberto Eco, ọ̀jọ̀gbọ́n Yunifásítì Bologna, tó jáde ní ọdún 1980 lábẹ́ orúkọ Il nome della rosa, ni ibú tí mo fẹ́ wọ̀.

Ọdún 1327 ni, nígbà tí Póòpù John Kejìlélógún wà ní Avignon, tí òun àti Louis ará Bavaria ń du agbára mọ́ ara wọn lọ́wọ́, tí àwọn ọmọlẹ́yìn Fransísì mímọ́ sì ń jiyàn pé Kristi kò ní dúkìá kankan, ni William ará Baskerville, àgbà ọlọ́gbọ́n tó ń fi awò ojú kàwé, mú Adso ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ gun òkè lọ sí ilé àwọn mọ́ńkì kan ní àríwá Ítálì nítorí ìpàdé àlàáfíà, àṣé òkú ló máa kí i káàbọ̀. Wọ́n bá ọ̀kan nísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè; wọ́n bá èkejì nínú ìkòkò ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀, orí nísàlẹ̀, ẹsẹ̀ lókè; omi ìwẹ̀ ni wọ́n ti fa ẹ̀kẹta yọ, ìka rẹ̀ àti ahọ́n rẹ̀ ti dúdú.

Ìwé kan ló wà lẹ́yìn ikú wọ̀nyí; ẹ jẹ́ kí a wo ọwọ́ ẹni tó ń kà á. Ojú ewé ìwé náà lẹ̀ mọ́ra, nítorí náà òǹkàwé á fi ìka kan ahọ́n, á ṣí ewé kan, á tún fi kàn án, á ṣí òmíràn. Bí ó ti ń kà ni ó ń lá májèlé. Apá kejì ìwé Aristotle, ọ̀mọ̀ràn Gíríìkì, lórí iṣẹ́ ewì ni, èyí tó dá lórí ẹ̀rín, tí aráyé kò sì rí mọ́. Jorge, arúgbó afọ́jú ará Burgos, ló fi í pamọ́ sí ilé ìkàwé tí yàrá ń bí yàrá, nítorí ó gbà pé ẹni tó bá ń rẹ́rìn-ín kò ní bẹ̀rù mọ́, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rù sì ni òpó ìgbàgbọ́ lójú tirẹ̀. Àwa tí a ń wí pé ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín kò lè gbà fún un.

Ibi tí Eco ti ta àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yọ nìyí: William rò pé apànìyàn ń tẹ̀lé kàkàkí méje inú ìwé Ìfihàn, ìrònú yìí ló sì mú un dé ọ̀dọ̀ Jorge, bẹ́ẹ̀ irọ́ ni. Ẹni àkọ́kọ́ pa ara rẹ̀ ni, ọwọ́ ẹlòmíràn ni ẹni kẹrin sì kú sí. Ọkùnrin náà dé ilé ọ̀daràn láti ọ̀nà tí kò sí. Mi ò tíì rí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ mìíràn nínú ìwé tí òǹkọ̀wé fi irú òtítọ́ bẹ́ẹ̀ bá lò.

Ìbọ̀wọ́ ni William fi ṣí ìwé náà. Nígbà tí Jorge mọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìwé ya, ó ń jẹ ẹ́. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Nínú ìjàkadì náà ni iná ràn. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i, ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́ta ni ilé àwọn mọ́ńkì yìí fi jó tí kò sí ẹni tó tún un kọ́. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni Adso padà síbẹ̀, àjákù awọ ìwé ló sì ṣà jọ nínú àwókù.