Imú Mọ́tò: Bí Wọ́n Ṣe Kọ́ Láti Mọ Ibi Tí Èéfín Ti Bàjẹ́

Ọ̀rọ̀ èéfín mọ́tò ni a mú wá lónìí. Ẹ má ṣe sọ pé, "Èmi kò ní mọ́tò, kí ló kàn mí níbẹ̀?" Ẹni tí kò ní mọ́tò ń wọ mọ́tò lọ sí ọjà. Ẹni tí kò wọ̀ ọ́ ń ta gàrí létí títì. Imú gbogbo wa ni èéfín náà ń gbà wọlé.

Ìyá tó ń fi igi dáná mọ èéfín kà. Bí igi bá tutù, ó mọ̀. Bí ẹnì kan bá ju rọ́bà sínú iná, kò dìgbà tí wọ́n bá sọ fún un. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn mẹkaníìkì àtijọ́ ṣe ń ka èéfín mọ́tò. Bí ó bá dúdú, epo tó ń jó pọ̀ ju atẹ́gùn tó ń wọlé lọ. Bí ó bá rí bí aró tí wọ́n là, òróró ẹ́ńjìnnì ló ń jó. Bí ó bá funfun, tí ó sì ń funfun bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná dáadáa, omi ń yọ́ wọ inú ẹ́ńjìnnì. Ọgbọ́n yìí dára, ó sì wúlò títí di òní. Ṣùgbọ́n èéfín tí ojú rí nìkan ni ó lè kà. Ìtàn tí a fẹ́ sọ ni ti èéfín tí ojú kò rí, àti bí ọmọ ènìyàn ṣe kọ́ láti mọ̀ bí ohun tó ń fọ̀ ọ́ mọ́ bá bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ lọ sí ìlú Los Angeles ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ọdún 1943 ni. Ogun àgbáyé kejì ń lọ lọ́wọ́, Amẹ́ríkà sì ń bá Japan jà. Lọ́jọ́ kan ní ìparí oṣù keje, kùrukùru bo ìlú náà. Kì í ṣe kùrukùru ọyẹ́ tí àwa mọ̀. Èyí ń ta ojú bí ata, ó sì ń mú ènìyàn húkọ́. Àwọn kan rò pé àwọn ọ̀tá ló da èéfín olóró lu àwọn. Nígbà tí wọ́n rí i pé kì í ṣe ogun, wọ́n dá ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe èròjà rọ́bà lẹ́bi. Wọ́n ti ilé iṣẹ́ náà fún ìgbà díẹ̀. Kùrukùru kò lọ.

Ẹni tó tú àdììtú yìí ni Arie Haagen-Smit. Ọmọ ilẹ̀ Holland ni, ó ń kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Pasadena, lẹ́bàá Los Angeles. Iṣẹ́ tó ń ṣe tẹ́lẹ̀ ni pé ó ń wádìí ohun tó ń mú ọ̀pẹ̀ òyìnbó ta sánsán. Ẹ̀yin tí ẹ mọ oko Àlàdá, ẹ mọ òórùn tí à ń wí. Ní nǹkan bí ọdún 1950 sí 1952, ó fi hàn pé bí oòrùn bá ràn sórí èéfín mọ́tò àti èéfín ilé ìfọpo, èéfín náà ń yí padà. Ara ohun tuntun tó ń dà ni ósóònù, tí í máa ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Ojú kò rí ósóònù. Báwo ni wọ́n ṣe wá mọ̀ pé ó wà níbẹ̀? Rọ́bà ni wọ́n fi mọ̀. Rọ́bà ń yára là ní Los Angeles ju ibòmíràn lọ. Haagen-Smit tẹ rọ́bà kọrọdọ, ó gbé e sínú atẹ́gùn ìlú náà, ó sì ń wo bí yóò ti pẹ́ tó kí ó tó là. Bí ó bá yára là, ósóònù pọ̀ lọ́jọ́ náà. Àwọn ilé iṣẹ́ epo jiyàn, wọ́n jiyàn títí, ṣùgbọ́n rọ́bà kò gbọ́ iyàn.

Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan wà ní Amẹ́ríkà nígbà náà, Eugène Houdry ni orúkọ rẹ̀. Ó ti kó lọ síbẹ̀ láti ọdún 1930. Nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ Los Angeles, ó ṣe ohun kan tí wọn yóò fi sí ọ̀pá èéfín mọ́tò. Àwọn Faransé ń pè é ní catalyseur. Nínú ẹ̀kọ́ yìí, ẹ jẹ́ kí a pè é ní afọèéfín. Ó dà bí ìkòkò irin tí èéfín ń gba inú rẹ̀ kọjá. Irin olówó iyebíye kan, plátíínì, wà nínú rẹ̀, tí wọ́n fi rẹ́ ẹ ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Bí èéfín gbígbóná bá kan plátíínì, epo tí kò jó tán yóò jó tán níbẹ̀. Èéfín olóró tí í pa ènìyàn tó bá sùn sí yàrá pípadé yóò di èyí tí kò lóró. Plátíínì fúnra rẹ̀ kì í jó, kì í sì í tán. Ó dà bí alárinà: ó mú ọkọ àti ìyàwó pàdé, òun kò bá wọn lọ sílé.

Ṣùgbọ́n afọèéfín Houdry kò pẹ́ láyé. Òjé ló pa á. Láti ọdún 1923 ni wọ́n ti ń ta epo tí wọ́n po òjé mọ́, kí ẹ́ńjìnnì má baà máa kan gbàgbà bí ó bá ń gun òkè. Wọ́n kúkú mọ̀ pé òjé léwu. Ní ọdún 1924, òṣìṣẹ́ márùn-ún kú ní ilé iṣẹ́ kan ní New Jersey níbi tí wọ́n ti ń ṣe èròjà olójèé náà. Síbẹ̀ wọ́n ń tà á. Òjé inú èéfín yóò bo plátíínì bí ẹni fi amọ̀ rẹ́ ojú asẹ́, iṣẹ́ tán. Houdry kú ní ọdún 1962, kò rí ọjọ́ tí lílo ohun tó ṣe lára mọ́tò gbilẹ̀.

Ọdún 1970 ni ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin pé kí àwọn tó ń ṣe mọ́tò dín èéfín búburú kù ní ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, láàárín ọdún díẹ̀. Wọ́n ké gbàjarè pé kò ṣeé ṣe. Ó ṣeé ṣe. Ilé iṣẹ́ Corning sun amọ̀ kan tí ihò wẹ́wẹ́ wà nínú rẹ̀ bí afárá oyin, wọ́n fi plátíínì rẹ́ inú ihò náà, èéfín sì rí ọ̀nà gbà. Púpọ̀ nínú mọ́tò ọdún 1975 ní Amẹ́ríkà ló ní afọèéfín. Wọ́n sì ní kí ilé epo máa ta epo tí kò ní òjé.

Wàyí o, ẹ gbọ́ ohun tí ọmọ ènìyàn ṣe. Wọ́n ti ṣe ẹnu táńkì mọ́tò tuntun ní tóóró, kí ọ̀pá tí wọ́n fi ń bu epo olójèé má lè wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n owó epo olójèé kéré díẹ̀ sí ti èkejì. Àwọn kan lọ wá àrọ, wọ́n fi rọ ọ́ sínú táńkì. Afọèéfín wọn kú, mọ́tò ṣì ń rìn, wọn kò sì bìkítà. Báyìí ni ìwádìí fi di dandan. Àwọn olùyẹ̀wò ní bébà pẹlẹbẹ kan tí wọ́n fi omi rin, tí wọ́n á tẹ̀ mọ́ inú ẹnu ọ̀pá èéfín. Bí bébà náà bá pọ́n, òjé ti gba ibẹ̀ kọjá. Olówó mọ́tò lè máa búra, bébà ti sọ̀rọ̀.

Àwọn mẹkaníìkì náà kọ́ ọgbọ́n tiwọn. Wọ́n á fi òòlù rọ́bà gbá afọèéfín pẹ́lẹ́. Bí ó bá dún ṣàkàṣàkà bí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, afárá inú rẹ̀ ti fọ́. Bí mọ́tò kò bá lè gun òkè mọ́, tí ó ń mí bí ẹni tí wọ́n dì nímú, afárá lè ti yọ́ kí ó sì dí. Bí òórùn ẹyin jíjẹrà bá ń jáde, epo tó ń wọlé lè ti pọ̀ jù. Ohun tí wọ́n kọ́ pẹ̀lú owó ni èyí: afọèéfín kì í sábà dá ara rẹ̀ pa. Búùjì tí kò tan iná dáadáa ń rán epo tútù lọ bá a, epo náà á jó nínú rẹ̀, ooru á sì yọ́ ọ. Ẹni tó bá ra tuntun láì wá búùjì tó pa ti àtijọ́ yóò tún ra òmíràn.

Ní ọdún 1976, ilé iṣẹ́ Volvo ti ilẹ̀ Sweden fi imú sí mọ́tò tó fẹ́ tà ní California, ìpínlẹ̀ tí Los Angeles wà. Ilé iṣẹ́ Bosch ti Jámánì ló ṣe imú náà. Irin kékeré ni, tó tóbi bí búùjì, wọ́n dè é mọ́ ọ̀pá èéfín. Ó ń mọ̀ bí afẹ́fẹ́ ọ́síjìn, èyí tí iná ń jẹ, bá ṣẹ́kù nínú èéfín. Ó ń ròyìn fún kọ̀ǹpútà kékeré tó wà nínú mọ́tò, èyí sì ń dín epo kù tàbí ó ń fi kún un.

Láti orí imú yìí ni wọ́n ti dé orí iná. Mọ́tò tí wọ́n ṣe fún California láti ọdún 1988 gbọ́dọ̀ máa yẹ ara rẹ̀ wò, kí iná kan sì tàn níwájú awakọ̀ bí nǹkan bá bàjẹ́. Nígbà tó di ọdún 1996, òfin náà kan gbogbo mọ́tò kékeré tuntun ní Amẹ́ríkà. Wọ́n fi imú kejì kún ti àkọ́kọ́. Ọ̀kan wà ṣáájú afọèéfín, èkejì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ti iwájú kì í sinmi, ìròyìn rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Ti ẹ̀yìn yẹ kí ó dákẹ́ jẹ́ẹ́, nítorí afọèéfín ti ṣiṣẹ́ kí èéfín tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí ti ẹ̀yìn bá bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo bíi ti iwájú, a jẹ́ pé afọèéfín ti rẹ̀ tàbí pé ó ti kú. Mẹkaníìkì á so ẹ̀rọ kan mọ́ mọ́tò, yóò sì rí àmì P0420. (Mẹkaníìkì tí kò bá mọ̀wé kà kò lè rí i. Ẹ̀yin tí ẹ sọ pé ilé ẹ̀kọ́ alẹ́ kò wúlò fún oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ gbọ́ o.) Ṣùgbọ́n àmì náà kì í ṣe ìdájọ́. Ọ̀pá èéfín tó lu lè fà á, imú tó bàjẹ́ náà lè fà á. Mẹkaníìkì gidi á kọ́kọ́ yẹ ìwọ̀nyí wò kó tó ní kí ẹ ra tuntun.

Mọ́tò gásóìlì ní ọ̀ràn tirẹ̀. Èéfín rẹ̀ ní ìdọ̀tí dúdú bí èyí tó ń lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò. Peugeot fi asẹ́ sí ọ̀kan nínú mọ́tò rẹ̀ ní ọdún 2000 láti gbá a mú. Ó tún ní èéfín nitrójìn, tí ojú kò rí. Wọ́n fi urea fọ ìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni, urea tí ẹ ń fi sí ìdí àgbàdo, tí wọ́n pò mọ́ omi tó mọ́ gaara. Bí ẹ bá fi omi kànga dípò rẹ̀, imú á fẹ̀sùn kàn yín.

Ṣùgbọ́n bí olówó mọ́tò bá lè parọ́ pẹ̀lú àrọ, ẹni tó ṣe mọ́tò náà ńkọ́? Ní ọdún 2013, àwọn olùwádìí láti ilé ẹ̀kọ́ gíga West Virginia gbé ẹ̀rọ sẹ́yìn mọ́tò gásóìlì, wọ́n sì wà á lórí títì gidi dípò kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò nínú yàrá. Èéfín nitrójìn tó jáde lára mọ́tò Volkswagen fi ìlọ́po púpọ̀ ju òfin lọ. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2015, ìjọba Amẹ́ríkà kéde rẹ̀: wọ́n ti kọ́ kọ̀ǹpútà mọ́tò náà láti mọ ìgbà tí olùyẹ̀wò bá wà níbẹ̀. Lójú olùyẹ̀wò, á fọ èéfín. Bí ó bá délẹ̀ títì, á ṣíwọ́. Volkswagen gbà pé mọ́tò bíi mílíọ̀nù 11 ló ní ẹ̀tàn náà káàkiri ayé. Kò sí iná tó tàn níwájú awakọ̀ kankan.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a padà sílé. Ní oṣù kẹfà ọdún 2001, àwọn orílẹ̀-èdè wa pàdé ní Dakar, wọ́n pinnu láti lé òjé kúrò nínú epo. Nígbà tí ọdún 2006 bẹ̀rẹ̀, ó ti kúrò ní ilẹ̀ àwọn adúláwọ̀ tó wà ní ìsàlẹ̀ Sàhárà. Algeria ló ṣíwọ́ rẹ̀ kẹ́yìn ní gbogbo ayé, ní ọdún 2021. Nítorí náà afọèéfín lè pẹ́ láyé lọ́dọ̀ wa nísinsìnyí, bí ó bá dé ọ̀dọ̀ wa rárá. Ní ọdún 2020, àwọn olùyẹ̀wò ìjọba Holland ròyìn nípa àwọn mọ́tò àlòkù tí wọ́n fẹ́ kó wá sí Áfíríkà. Wọ́n rí àwọn kan tí wọ́n ti gé afọèéfín wọn kúrò nítorí owó plátíínì, tí wọ́n sì jó irin lásán mọ́ ibẹ̀.

Mo bá ọ̀rẹ́ mi kan lọ ra mọ́tò àlòkù ní Kútọnu. Mo ní kí ó ṣí kọ́kọ́rọ́ láì tíì ta ẹ́ńjìnnì jí. Ó yẹ kí iná àyẹ̀wò náà tàn, kí ó sì kú lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì bá jí. Kò tàn rárá. Ẹnì kan ti yọ gílóòbù rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ wo abẹ́ mọ́tò: níbi tó yẹ kí afọèéfín wà, ọ̀pá gbọọrọ ni mo rí, ojú ibi tí wọ́n ti jó o ṣì ń dán. Ẹni tó ń tà á ní ìyẹn kò ní kí mọ́tò má rìn. Òótọ́ ló sọ. Ọ̀rẹ́ mi gbà kí wọ́n dín owó rẹ̀ kù díẹ̀, ó sì rà á. Ó ń fi kó èrò láti Kétu lọ sí Pobẹ̀. Ní ọjọ́ ọjà tó kọjá, mo jókòó lẹ́yìn, fèrèsé wà ní ṣíṣí. Obìnrin kan tó gbé ọmọ léyìn ń fi ìborùn bo imú ọmọ náà, títí a fi dé.