Ibi tí Ọyẹ́ àti Afẹ́fẹ́ Òkun ti ń Pàdé

Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ń kásẹ̀ nílẹ̀ ní Imeri, lágbègbè Ọ̀wọ̀, ìlà oòrùn ni àgbẹ̀ ń wò. Níbẹ̀ ni òjò ti máa ń ṣú lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́. Ìjì á kọ́kọ́ dé, á gbé eruku, á ṣí páànù tí ìṣó rẹ̀ ti dógùn-ún, kí òjò àkọ́rọ̀ tó dà sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀, inú Òkun Àtìláńtíìkì ní gúúsù-ìwọ̀-oòrùn ni omi òjò náà ti wá.

Ó pẹ́ kí àwọn onímọ̀ tó tú kókó yìí. Lọ́dún 1735, George Hadley ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé pé yíyí tí ayé ń yí ló ń darí afẹ́fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́. Èyí tó ń ti gúúsù bọ̀ á yà sọ́tùn-ún tó bá ti kọjá ìlà tó pín ayé sí méjì, òun ló ń di afẹ́fẹ́ òkun wa. Ọyẹ́ tó ń ti Sàhárà bọ̀ náà ń yà sọ́tùn-ún tirẹ̀, ó wá ń ti àríwá-ìlà-oòrùn fẹ́.

Ní 1919, Jacob Bjerknes ní Bergen, lórílẹ̀-èdè Norway, fi hàn pé ààlà máa ń wà láàárín afẹ́fẹ́ tútù àti èyí tó móoru, àti pé ojú ààlà yẹn ni òjò ti ń rọ̀. Àlàyé yìí bá Yúróòpù mu. Kò bá ilẹ̀ wa mu.

R. A. Hamilton àti J. W. Archbold ló là á yé aráyé, nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde lórí ojú ọjọ́ Nàìjíríà ní 1945. Afẹ́fẹ́ òkun tutù, ó sì wúwo ju ọyẹ́ lọ, nítorí náà abẹ́ ọyẹ́ ló ń wọ̀, bí ọ̀bẹ tó ń yọ́ wọ abẹ́ awọ. Lójú ààlà àwọn méjèèjì gan-an, afẹ́fẹ́ òkun fẹ́lẹ́ ju kó di òjò lọ. Ó di ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà sẹ́yìn níhà gúúsù kó tó nípọn tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n tún kọ ọ́ pé ìlà oòrùn ni àwọn ìjì ńlá ti ń wá. Ooru Sàhárà, ìtútù ẹ̀bá òkun àti yíyí ayé ló jọ bí afẹ́fẹ́ kan tó ń ti ìlà oòrùn fẹ́, ní nǹkan bí kìlómítà mẹ́ta sí mẹ́rin lókè. Òun ló ń da ìjì wá bá Imeri.

Lóṣù kìíní, ààlà náà máa ń sọ̀kalẹ̀ dé tòsí etí òkun; nígbà tó bá fi di oṣù kẹjọ, ó ti wọ aginjù lọ. Ọdọọdún ni NiMet, àjọ tó ń rí sí ojú ọjọ́ ní Nàìjíríà, ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ òjò jáde. Kí àwọn ilé iṣẹ́ rédíò máa kà á ní Yorùbá sétí àgbẹ̀ kí wọ́n tó gbin àgbàdo, torí òjò àkọ́rọ̀ kan péré kò tíì sọ pé afẹ́fẹ́ òkun ti nípọn tó.