Ìtàn Ìwádìí Ṣóńṣó Ọmọlẹ́yìn Nínú Ìmọ̀ Ojú Kírísítálì

Ní ọdún 1905 ni Albert Einstein ṣàlàyé pé bí ìmọ́lẹ̀ bá fi agbára rẹ̀ lé ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù lọ́wọ́, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù náà lè fò jáde kúrò nínú irin. Ní Uppsala, ní ilẹ̀ Sweden, Kai Siegbahn àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ sọ àlàyé yìí di irinṣẹ́ ìwádìí. Wọ́n tan ìtànṣán X sí ohun tí wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò, wọ́n sì wọn agbára àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó jáde. Ní 1954, iyọ̀, irú èyí tí à ń fi sebẹ̀, ni wọ́n yẹ̀ wò tí àwọn ṣóńṣó tẹ́ẹ́rẹ́ fi hàn kedere lórí gíráàfù wọn. Siegbahn gba ẹ̀bùn Nobel ní 1981.

Ṣùgbọ́n ṣóńṣó gíga kì í sábà dá dúró. Àwọn kéékèèké a máa tẹ̀ lé e. Ọmọlẹ́yìn ni a óò máa pè wọ́n níhìn-ín. Nínú alumíníọ̀mù, nǹkan bí 15 eV ló wà láàárín ọ̀gá àti ọmọlẹ́yìn rẹ̀ àkọ́kọ́. Iye agbára yìí ni ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù pàdánù nígbà tó mú kí agbo ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù inú irin náà jùmọ̀ mì. Ibo ló ti pàdánù rẹ̀? Ṣé nínú átọ̀mù tó ti gbéra ni, àbí lójú ọ̀nà? Gíga ṣóńṣó nìkan kò lè dáhùn èyí.

Iyọ̀ yìí kan náà ló tún ṣínà. Ní 1970, àwọn ará Uppsala rí i pé bí wọ́n bá yí kírísítálì iyọ̀ sí igun mìíràn, iye ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó jáde a máa yí padà. Fadley àti Bergström rí irú rẹ̀ nínú wúrà ní 1971. Ìdí ni pé ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ń ṣe bí ìgbì omi: àwọn átọ̀mù tó yí i ká ń fọ́n ìgbì náà ká, àwọn ìgbì náà sì ń pàdé, níbi kan wọ́n ń ran ara wọn lọ́wọ́, níbòmíràn wọ́n ń pa ara wọn. (Abọ́ omi kan àti òkúta wẹ́wẹ́ méjì tó láti fi èyí han ọmọ kíláàsì.)

Ní 1990, Osterwalder àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọn ọ̀gá àti ọmọlẹ́yìn alumíníọ̀mù pọ̀, láti igun dé igun. Ẹni tó bá yára lè sọ pé bí àwòrán méjèèjì bá ti jọra, a jẹ́ pé inú átọ̀mù ni agbára náà ti sọnù. Ní èrò tèmi, ìjọra nìkan kò tó ẹ̀rí. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó pàdánù 15 eV nínú agbára tó ju 1000 eV lọ kì í fi bẹ́ẹ̀ yà kúrò lọ́nà rẹ̀, ibi yòówù kó ti pàdánù rẹ̀. Orí ìlà àwọn átọ̀mù tó tò tẹ̀ lé ara wọn ló yẹ kí a tẹjú mọ́: ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó pàdánù agbára lójú ọ̀nà sábà máa ń ti ìsàlẹ̀ jíjìn wá, átọ̀mù tó sì bá pàdé lórí ìlà náà pọ̀ débi pé títàn rẹ̀ ní ìhà ibẹ̀ a máa dín kù sí ti ọ̀gá.