Omi Òkun Nínú Yàrá

Ní Lọ́ńdọ̀nù ni mo ti kọ́kọ́ rí òkun nínú yàrá. Akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ kan ni ó gbé e kalẹ̀ sí pálọ̀ rẹ̀: àpótí onídígí tí ó kún fún omi oníyọ̀, iná tí ń tàn sí i láti òkè, iyùn alààyè díẹ̀ àti ẹja mẹ́ta. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ẹja mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi kú. Ó ní, "Ẹ wò ó, sà, omi náà mọ́ gaara." Lóòótọ́ ni. Mímọ́ tí omi náà mọ́ gan-an ni ó tàn án jẹ.

Ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ tí ó bá ṣẹ́kù a máa di amóníà, májèlé sì ni. Àwọn bakitéríà tí ojú lásán kò lè rí ni wọ́n ń sọ ọ́ di náítíráìtì, tí òun náà léwu. Àwọn mìíràn a wá sọ èyí di náítírétì, tí kò fi bẹ́ẹ̀ panilára. Ó máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n tó pọ̀ tó. Ẹni tí ó bá kó ẹja síwájú wọn, ńṣe ni ó kó àlejò wọ ilé tí onílé kò tíì dé.

Ọ̀nà tí ọmọ aráyé gbà mọ èyí gùn. Ní 1846, Anna Thynne, ìyàwó àlùfáà kan ní Westminster, rí iyùn alààyè ní etíkun Torquay, ó sì kó o sínú ìkòkò lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Àwa Yorùbá mọ iyùn, ṣùgbọ́n òkú rẹ̀ ni a mọ̀: egungun ẹ̀dá kan tí ó bá ti Thynne tan, tí àwọn oníṣòwò kó wá láti òkun Mẹditaréníà, ni a ń sín sọ́rùn ọba. A kò ní orúkọ fún ẹ̀dá náà fúnra rẹ̀.

Òkun jìnnà sí Lọ́ńdọ̀nù. Ọgbọ́n tí Thynne dá ni pé kí a máa da omi náà láti inú ohun èlò kan sí òmíràn níwájú fèrèsé tí ó ṣí sílẹ̀, kí atẹ́gùn lè wọ̀ ọ́, fún ìdajì wákàtí tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ó ń dà á. Thynne gbà pé iṣẹ́ náà ń rẹni, ṣùgbọ́n ó ní eré ni ọmọ náà kà á sí. Ì bá wù mí kí n gbọ́ ọ láti ẹnu ọmọ náà! Lẹ́yìn náà ni Thynne fi koríko òkun sínú omi, kí ó lè máa bá wọn ṣe iṣẹ́ náà.

Nígbà tí ó di 1853, ilé ẹja ti ṣí fún gbogbo ènìyàn ní ọgbà ẹranko Lọ́ńdọ̀nù. Ọdún kejì ni Philip Gosse tẹ ìwé rẹ̀, *The Aquarium*, jáde, ni gbogbo ìlú bá dà sí etíkun, tàwọn ti agbọ̀n lọ́wọ́. Ní 1907, Edmund ọmọ rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé tirẹ̀ pé wọ́n ti run àwọn kòtò omi inú àpáta wọ̀nyẹn, ó sì dun bàbá òun púpọ̀. Ẹni tí ó kọ́ ayé láti fẹ́ràn nǹkan ni ó fọ̀nà hàn àwọn tí ó bà á jẹ́.

Ní 1961 ni Lee Chin Eng, ará Jakarta, kọ̀wé pé òkúta láti inú òkun, pẹ̀lú ohun gbogbo tí ń gbé inú ihò rẹ̀, ni òun kó sínú àpótí, tí òun sì ń fi atẹ́gùn rú omi rẹ̀. Nínú ihò wọ̀nyẹn ni àwọn bakitéríà ń gbé. Orí irú òkúta bẹ́ẹ̀ ni ìlànà tí wọ́n ń pè ní ti Berlin dúró lé. Ṣùgbọ́n òkun náà ni wọ́n tún ń wú òkúta ọ̀hún.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi tún tirẹ̀ ṣe. Òkúta gbígbẹ ni ó rà, ó gbin bakitéríà sí i, ó sì ń fi oúnjẹ ẹja díẹ̀ bọ́ wọn. Omi aláìníyọ̀ ni ó fi ń dí èyí tí ó bá gbẹ, nítorí iyọ̀ kì í bá omi gbẹ lọ. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ohun aláwọ̀ ilẹ̀ kan bo dígí. Ìyàwó rẹ̀ mú aṣọ ìnùlẹ̀ wá. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fi í sílẹ̀ ná.