Ṣé Bí Iṣu Ló Gbó, Àbí Bí Aṣọ?

Bí a bá gbé kàbúrétọ̀ síwájú ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ fún èdè Yorùbá lóde òní, iṣẹ́ tó ń ṣe ni wọn yóò kọ́kọ́ béèrè. Bí wọ́n bá ti gbọ́ pé ó ń po epo mọ́ atẹ́gùn kí iná tó ràn án, ọ̀rọ̀ bùṣe: apoepomátẹ́gùn. Gírámà kò rí ẹ̀bi kankan níbẹ̀. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ wà níbi tó yẹ kó wà, ìpajẹ fáwẹ̀lì sì tẹ̀ lé òfin. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó ni pé kò sẹ́ni tí yóò sọ ọ́. Mẹkáníìkì tó ki orí bọ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì Píjò ní Ìkẹ́rẹ́, tí ọ́ìlì kún ọwọ́ rẹ̀, kò ní dúró pe sílébù méje tán kí ọmọ iṣẹ́ tó mọ ohun tó ń béèrè. Irú ọ̀rọ̀ báyìí ń bí mi nínú, kì í sì í ṣe nítorí gígùn rẹ̀, torí pé asọ̀rọ̀mágbèsì náà gùn, a sì ń sọ ọ́. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ibi tí èdè wa kò ti ṣaláìní ni a ń da gbogbo agbára sí, tí a sì ń fi ibi tí nǹkan ti ń bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́ sílẹ̀. Orúkọ ẹ̀yà ara ọkọ̀ bá ọkọ̀ wọ̀lú, kò sì pa wá lára. Ohun tí ọwọ́ ń ṣe sí ọkọ̀ náà, ohun tí etí ń gbọ́ lára rẹ̀, àti ojú tí a fi ń wò ó nígbà tó bá dàgbà, ìyẹn ni Yorùbá gbọ́dọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ.

Píkọ́ọ̀pù Píjò 504 ni mo fẹ́ fi ṣe òdiwọ̀n, nítorí mi ò mọ ọkọ̀ tó bá ọ̀rọ̀ yìí mu tó o ní gúúsù Èkìtì. Ọdún 1975 ni ilé-iṣẹ́ Píjò ní Kàdúná bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀, nígbà tó sì di 1979 ni àwọn ará Faransé gbé 504 tó ní àyè ẹrù gbalasa lẹ́yìn jáde. Àwọn abala irin pẹlẹbẹ tí a tò léra ló gbé ìdí rẹ̀ ró. Ìdí nìyí tí kì í fi í jókòó sílẹ̀ bí a bá di àpò kòkó, iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí pákó rù ú láti Èmùré tàbí Ìsẹ̀ wá sí Ìkẹ́rẹ́, tó sì tún gba ibẹ̀ kọjá sí Àkúrẹ́. Nínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tó ń lo bẹntiróòlù, ibi tí písítìn ti ń lọ tó ń bọ̀ ní àwọ̀ irin tó ṣeé yọ, tí a ń pè ní sílíìfù. Bí ó bá jẹ, a ó fa èyí tó jẹ yọ, a ó ki òmíràn bọ̀ ọ́, odidi ẹ́ńjìnnì kò sì ní di ìdọ̀tí. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe kó lè gba àtúnṣe ni, èyí tó kù nínú wọn kò sì kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ní ti táyà, bátìrì, púlọ́ọ̀gì, fílítà, jíà, kílọ́ọ̀ṣì àti rédíétọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa kọjá lọ. Wọ́n ti gba ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀, wọ́n ti gba fáwẹ̀lì sí ìparí, wọ́n ti di ọmọ ilé. Píkọ́ọ̀pù fúnra rẹ̀ náà ti wọlé. A kò kúkú lè pè é ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, nítorí ohun tó ń yọ́ rìn kẹ́lẹ́ ni wọ́n sọ ní orúkọ yẹn, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ akẹ́rù ti di ti lọ́rì ńlá. Ọkọ̀ gan-an, ti ojú omi ni kó tó gun òkè wá, kò sì sẹ́ni tó ń ṣọ̀fọ̀ pé ó kúrò lódò.

Ibi tí mo ti fẹ́ dúró pẹ́ ni ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí. Báwo ni a ṣe ń pe ọkọ̀ tó ti lo ogójì ọdún, tí ọ̀dà tí wọ́n fi kùn ún ní Kàdúná ṣì wà lára rẹ̀, tó sì ń lọ oko lójoojúmọ́? Àlòkù ni ọ̀rọ̀ tó máa ń yá jù lẹ́nu, ṣùgbọ́n ẹ tú u wò: ohun tí ẹnì kan lò tó kù. Onílé kan ti kúrò, ẹlòmíràn ló wá kó ìyókù. Ẹni tó ń lo ọkọ̀ rẹ̀ láti tuntun kò ní àlòkù lọ́wọ́, bí ọkọ̀ náà ti wù kó pẹ́ tó. Tòkunbọ̀ dára gidigidi. Orúkọ ọmọ tó ti òkè òkun bọ̀ ni àwọn èèyàn fi sọ ọkọ̀, láìsí ìgbìmọ̀, láìsí ìpàdé, gbogbo orílẹ̀-èdè sì gbà á, títí dé ọ̀dọ̀ àwọn tí kì í ṣe Yorùbá. Àmọ́ ìrìn àjò ni tòkunbọ̀ ń sọ, kò sọ ọjọ́ orí, Píjò tí wọ́n tò ní Kàdúná kò sì ti òkun kankan bọ̀ ní odidi. Jákujàku ń bú ọkọ̀ ni. Ọ̀rọ̀-ìṣe tó tọ́ sí i ni gbó, ọ̀rọ̀ yìí sì jinlẹ̀ ju bí a ti ń rò lọ. Aṣọ gbó, ó di àkísà. Iṣu gbó, ó tó gún. Obì gbó, ó yẹ ní bíbù fún àlejò. Èèyàn gbó, ó di arúgbó tí a ń dọ̀bálẹ̀ fún. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ohùn kan náà, ṣùgbọ́n ohun tó gbó ló ń sọ bóyá ìparí ni gbígbó náà tàbí ìpé. Èdè tó ń gún iyán lójoojúmọ́ kò ní ṣi iṣu tó gbó mú fún aṣọ tó gbó. Ìbéèrè tó dojú kọ ẹni tó ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ nìyí: bí iṣu ni píkọ́ọ̀pù yìí ṣe gbó, àbí bí aṣọ?

Ìdáhùn mi ni ògbólógbòó. Àpètúnpè tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Gbígbó lórí gbígbó ló ń sọ, ìyẹn ohun tí ọjọ́ ti kọjá lórí rẹ̀ tí kò sì kúrò níbi iṣẹ́ rẹ̀. Mo mọ àtakò tí yóò wá: ògbólógbòó olè, ògbólógbòó ọ̀daràn, ṣé irú orúkọ bẹ́ẹ̀ la ó fi dá ọkọ̀ lọ́lá? Bẹ́ẹ̀ ni o. A ń sọ pé ògbólógbòó ọdẹ, ògbólógbòó babaláwo, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti rẹlẹ̀ sínú iṣẹ́. Olè ni ẹ̀gàn wà fún, ògbólógbòó ń sọ bí ó ṣe pẹ́ tó nídìí iṣẹ́ náà ni. Èmi yóò kọ̀wé pé ògbólógbòó píkọ́ọ̀pù láìbẹ̀rù, mo sì rò pé awakọ̀ Ìsẹ̀ yóò gbọ́ mi yé ju kí n sọ pé ọkọ̀ àtijọ́ lọ, tó dà bí ohun tó yẹ kó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé.

Èkejì tí ìjà wà lórí rẹ̀ ni orúkọ iṣẹ́ tí a ń ṣe sí i. Ohun mẹ́ta ni èdè gbọ́dọ̀ yà sọ́tọ̀. Títún ohun tó bàjẹ́ ṣe ni àkọ́kọ́, àtúnṣe sì ti gbà á. Títú ọkọ̀ palẹ̀ pátápátá, kí a kùn ún, kí a pààrọ̀ gbogbo ara rẹ̀ títí yóò fi dà bí ọjọ́ tó jáde nílé-iṣẹ́ ni ìkejì. Fún èyí, ìmúpadàbọ̀sípò kò lè yí lẹ́nu ẹnikẹ́ni, ìsọdọ̀tun sì tó. Ìkẹta ni èyí tí ọkọ̀ tí mò ń sọ ń gbà: yíyí ọ́ìlì padà lásìkò, gbígbọn eruku pupa kúrò nínú fílítà atẹ́gùn lásìkò ọyẹ́, wíwọn omi rédíétọ̀ láàárọ̀, fífi gíríìsì sí oríkèé, fífi ojú ọ̀dà tó ti ṣá sílẹ̀ bó ṣe wà. Ìtọ́jú ni. Ojú hàn gbangba nínú ọ̀rọ̀ náà. Tọ́ tó ṣáájú rẹ̀ ni mo kà sí tọ́ tí a fi ń tọ́ ọmọ. A ń tọ́jú aláìsàn, a sì ń tọ́jú owó. Ìkẹ́ wà níbẹ̀, ìpamọ́ wà níbẹ̀, méjèèjì sì ni ògbólógbòó ọkọ̀ ń fẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n lè ní ọ̀rọ̀ náà fẹ̀ jù, pé sáfíìsì ni oníbàárà ń béèrè. Kí sáfíìsì dúró fún ìjókòó ọjọ́ kan, tí a da ọ́ìlì nù tí a sì da tuntun sí i. Ìtọ́jú ni gbogbo ogójì ọdún náà.

Nígbà náà, kí ni a ó pe ọkọ̀ tí kò tíì gba ìsọdọ̀tun? Ẹni tó ń tẹ̀ lé òfin láìwẹ̀yìn yóò sọ pé ọkọ̀ àìsọdọ̀tun, mo sì kọ̀ ọ́. Àì- máa ń fi ohun tó yẹ kó wà tí kò sí hàn: àìsàn, àìní, àìmọ̀, àìgbọràn. Bí a bá fi í síwájú ìsọdọ̀tun, ṣe ni yóò dà bíi pé ọkọ̀ náà ń ṣàárẹ̀, tó ń retí oníṣègùn. Ẹnì kan lè rán mi létí pé àìkú náà ní àì-, ohun rere sì ni. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ikú ni a yọ kúrò níbẹ̀, ìsọdọ̀tun kì í sì í ṣe ikú. Ọkọ̀ tí ara rẹ̀ ṣì jẹ́ tirẹ̀ ni yóò wù mí ká máa wí. Gbólóhùn ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹyọ kan, kò sì sí òfin tó ní gbogbo èrò gbọ́dọ̀ wọ inú ọ̀rọ̀ kan.

Bíréèkì nìkan ni ẹ̀yà ara tí n kò lè jẹ́ kó kọjá láìjà. Àwọn kan ń pè é ní ìdádúró, ó sì ń pàdé ìdádúró tí í ṣe ìfàsẹ́yìn lójú ọ̀nà. Ìjánu, tí wọ́n ń fi sẹ́nu ẹṣin, ló yẹ ẹ́. Àwọn tó ń ta kò ó ń ní ilẹ̀ igbó ni gúúsù Èkìtì, pé ta ló ń gun ẹṣin níbẹ̀? Kò pọn dandan kó gun ún. Kò sí abiyamọ níbẹ̀ tí kò tíì sọ fún ọmọ pé kó kó ara rẹ̀ níjàánu. Ohun tó mú mi dúró lórí rẹ̀ ni pé ìjánu ní ọ̀rọ̀-ìṣe tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, bíréèkì kò ní. Awakọ̀ tó di ẹrù tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè kò gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ tẹ bíréèkì láti òkè dé ìsàlẹ̀, nítorí yóò gbóná, kò sì ní mú mọ́. Jíà kékeré ni yóò fi sí, kí ẹ́ńjìnnì bá a di ọkọ̀ mú. Ó ń kó ọkọ̀ níjàánu láìtẹ bíréèkì. Ọgbọ́n tó ń gba ẹ̀mí là nìyẹn, ọ̀rọ̀ àyálò kò sì lè sọ ọ́. Kí páàdì àti ṣúù máa jẹ́ orúkọ wọn, kí bíréèkì jẹ́ ohun tí a ń rà, kí ìjánu jẹ́ ohun tí awakọ̀ ń ṣe.

Ibi tí àyálò ti ń pa wá lára wá hàn nínú nọ́ọ̀kì. Ní ilé Gẹ̀ẹ́sì tó ti wá, ìró ni: ẹ́ńjìnnì ń lu nǹkan nínú. Lọ́dọ̀ wa, bí wọ́n bá ní ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì, ó ti kú nìyẹn. Ìró tó yẹ kó kìlọ̀ fún wa kí ikú tó dé wá pàdánù orúkọ rẹ̀. Ìró méjì ló sì wà. Bí iná bá ń ran epo ṣáájú àkókò, nígbà tí ọkọ̀ ń gun òkè pẹ̀lú ẹrù, ìró náà tín-ín-rín, kẹ́kẹ́kẹ́. Bóyá àlàfo kọ́ńtáàtì, tí kò tó ìdajì mílímítà, ni kò gún mọ́. Bí bẹ́rìn-ìn bá ti jẹ, ìró náà wúwo, ó wá láti ìsàlẹ̀, gbọ̀ngbọ̀ngbọ̀n, owó rẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré. Yorùbá ti ní irinṣẹ́ fún èyí tipẹ́. Ohun róbótó tó kéré jẹ́ rógódó, èyí tó tóbi jẹ́ rògòdò, ohùn nìkan ló yí padà. Bẹ́ẹ̀ ni ohùn òkè yóò máa sọ àìsàn tó fúyẹ́, tí ohùn ìsàlẹ̀ yóò máa sọ èyí tó wúwo. Wọ́n lè ní ìró kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ẹ̀rọ. Alùpùpù ń kọ́? Ìró rẹ̀ ni a fi sọ ọ́ lórúkọ, ó sì wà nínú ìwé ìjọba.

Mo gbà pé ilé-ìwé nílò orúkọ. Ètò Ifẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní 1970, tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà, fi hàn pé ó ṣeé ṣe, ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olótùú rẹ̀ ní 1984 sì fún àwọn olùkọ́ èdè àti lítíréṣọ̀ ní ohun tí wọ́n lè dì mú. Ṣùgbọ́n èdè àti lítíréṣọ̀ jẹ́ ìmọ̀ tí orúkọ ti ń ṣíwájú. Nínú iṣẹ́ ọwọ́, ọ̀rọ̀-ìṣe ló ń ṣíwájú. Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀, tó gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ìkẹ́rẹ́ tí wọ́n gbé lọ sí àfihàn ní London ní 1924, agbẹ́gilére ni: ẹni tó gbẹ́ igi di ère. Gbígbẹ́ ló ń jẹ́ lórúkọ, orúkọ ohun èlò rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìwé ìtọ́jú ọkọ̀ fún àwọn ọmọ iṣẹ́, kó bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀: jíà kò wọlé, kílọ́ọ̀ṣì ń yọ̀, ọ́ìlì ń jò, ọkọ̀ ń fà sápá kan, ẹ́ńjìnnì ń wúkọ́, ó ń rú èéfín. Ìwé náà ti wà lẹ́nu wọn, kò tíì sí lórí bébà.

Bí a bá sì ń kọ ọ́, kí a kọ ọ́ fún etí àwọn tó ni ín. Níbi tí àwa yòókù ti ń sọ pé ilé, iṣu, iná, Èkìtì ń sọ pé ulé, usu, uná, àfòmọ́ tó sì ń sọ ọ̀rọ̀-ìṣe di ọ̀rọ̀-orúkọ ń tẹ̀ lé ọ̀nà kan náà. Bí mẹkáníìkì Èmùré bá ní ùtọ́jú ni píkọ́ọ̀pù náà ń fẹ́, òfin ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tí a ń kọ́ ní yunifásítì ló tẹ̀ lé láìkọ́ ọ, kí olótùú má sì ṣe fi yíǹkì pupa fà á.