Nígbà tí aládùúgbò bá dí ọ̀nà mọ́ ilé yín

Ìjà àwọn onílé kì í ṣe ti ààlà nìkan, ti ọ̀nà náà ń bẹ níbẹ̀, orí ilẹ̀ tí wọ́n là sí méjì ló sì ti máa ń bẹ̀rẹ̀ jù. L'Ékòó, púlọ́ọ̀tì kan sábà máa ń jẹ́ 60 ẹsẹ̀ bàtà ní fífẹ̀ àti 120 ní gígùn. Nígbà tówó rẹ̀ bá ga ju agbára lọ, èèyàn méjì á pín in rà. Ẹnì kan á mú iwájú tó kọjú sí títì, ẹnì kejì á mú ẹ̀yìn torí pé kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tó bá yá, ẹni iwájú á mọ ògiri yíká, á gbé géètì sí i, á sì ju kọ́kọ́rọ́ sápò. Ẹni ẹ̀yìn á wá di ẹlẹ́wọ̀n nínú ilé ara rẹ̀.

Kó tó pariwo, ìbéèrè kan ló yẹ kó kọ́kọ́ wá ìdáhùn sí: ọ̀nà tó ń gbà yìí, ṣé ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni, àbí oore ni wọ́n ṣe fún un?

Bó bá jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló ni gbogbo ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀, tó gé ẹ̀yìn rẹ̀ tà láìsí ọ̀nà mìíràn rárá tó lè gbé olùrà dé títì, òfin gbà pé olùtà ti fún un lọ́nà lórí ilẹ̀ tó kù, bí wọn ò tilẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹni tó ra ilẹ̀ kò kúkú ra ìyẹ́ mọ́ ọn. Àmọ́ ẹ̀tọ́ yìí ní òdiwọ̀n. Kò sí fún ẹni tó ní ọ̀nà mìíràn, tó kàn jẹ́ pé ọ̀nà ọ̀hún jìn tàbí pé ẹrẹ̀ pọ̀ níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀tọ́ láti kọjá kì í ṣe ẹ̀tọ́ láti páàkì mọ́tò síbẹ̀, tàbí láti ri páìpù omi mọ́lẹ̀.

Ti oore yàtọ̀. Bí ẹni iwájú bá kàn sọ pé, "Ẹ máa gba ọ̀dọ̀ mi kọjá ná," ìyọ̀ǹda lásán ni, pípẹ́ tí wọ́n sì pẹ́ lórí rẹ̀ kò sọ ọ́ di ẹ̀tọ́. Ọ̀pọ̀ ló ń bá ẹni tó yẹ kí wọ́n máa bẹ̀ jà.

Nítorí náà, ẹ tú ìwé jáde: rìsíìtì, ìwé àdéhùn, àti ìwé sọ́fè, kẹ́ ẹ wò ó bóyá wọ́n ya ọ̀nà sí i. Bí òkúta ààlà bá ti sọnù, ẹ pe awọnlẹ̀ tó ní ìwé àṣẹ kó tún un wọ̀n. Ẹ má wó ògiri náà o, torí pé ẹni tó jàre ọ̀nà lè ti ibẹ̀ di ọ̀daràn. Ẹ má sì kó ọlọ́pàá lọ bá a, nítorí òfin ọlọ́pàá tọdún 2020 kò gbà kí wọ́n mú èèyàn nítorí aáwọ̀ tí kò ní ìwà ọ̀daràn nínú.

Ẹ rán ẹni tó bọ̀wọ̀ fún sí i, ìbáà ṣe àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ onílé tàbí Baálẹ̀, kí wọ́n sì bi í léèrè ohun tó ń bẹ̀rù. Lójú tèmi, ìbéèrè yìí ló máa ń tú ọ̀pọ̀ irú ìjà bẹ́ẹ̀ ká. Ó lè jẹ́ olè, ó lè jẹ́ ariwo òru, ó sì lè jẹ́ tírélà tó ń gbé yanrìn tó fọ́ sìmẹ́ǹtì iwájú ilé rẹ̀. Gbogbo èyí ló ní àtúnṣe: kọ́kọ́rọ́ méjì, aago tí wọn yóò máa ti géètì, àti ẹni tí yóò sanwó ohun tó bá bàjẹ́. L'Ékòó, Citizens' Mediation Centre tí ìjọba dá sílẹ̀ lọ́dún 1999 ń parí irú aáwọ̀ báyìí lọ́fẹ̀ẹ́.

Bẹ́ ẹ bá ti fẹnu kò, ẹ jẹ́ kí agbẹjọ́rò kọ ọ́ sílẹ̀, pẹ̀lú fífẹ̀ ọ̀nà náà ní ẹsẹ̀ bàtà, kẹ́ ẹ sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ilẹ̀ ìpínlẹ̀. Bí ẹni iwájú bá ta ilé rẹ̀ lọ́la, ìwé yẹn ni olùrà tuntun yóò bá níbẹ̀.

Bó bá kọ̀ jálẹ̀, ó di kóòtù. Lábẹ́ Òfin Ilẹ̀ tọdún 1978, ilé-ẹjọ́ gíga ló ń gbọ́ ẹjọ́ ilẹ̀ tó wà lábẹ́ àṣẹ gómìnà, bí irú èyí tó wà nígboro. Agbẹjọ́rò yín lè bẹ adájọ́ pé kó kọ́kọ́ pàṣẹ kí wọ́n ṣí ọ̀nà sílẹ̀ títí ẹjọ́ yóò fi parí, pàápàá bí aláìsàn bá wà nínú ilé.